Òjò Dídì Kọ́ Ló Pa Wọ́n: Ìtàn Houston Láti 1895 sí 2021

Fóònù màmá mi dún ní agogo mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Túsìdé, ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2021. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Nílé wa ní Ìbàdàn, bí fóònù bá dún ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àyà gbogbo wa ti máa ń já kí a tó gbé e, nítorí ìròyìn ayọ̀ kì í sábà dé ní ìdájí.

Àbúrò màmá mi ló pè, láti ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ni lọ́dọ̀ tiwọn. Iná tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n tàn. Ó wọ ẹ̀wù mẹ́ta lé ara wọn, ó fi ìró borí, àwọn ìbejì rẹ̀ sì ká jọ sábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni èémí ẹnu rẹ̀ ń rú bí èéfín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ò níná láti òru àná," ó wí. "Òjò dídì ti bo gbogbo ìta. Òtútù inú ilé yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Àmọ́ ẹ má dààmú, Bàbá Ìbejì ti yá jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ aládùúgbò wa. Ó ń gbé e sínú gáréèjì lọ́wọ́ báyìí."

Màmá mi fò dìde lórí ibùsùn. "Ìyá Ìbejì! Gáréèjì wo? Èyí tó lẹ̀ mọ́ ilé yẹn? Ṣé ẹ máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni?"

"A máa tì í o. Ìta tutù."

"Má jẹ́ kó tan nǹkan náà! Mo ní o sáré lọ bá a! Ìta gbangba ni kó gbé e lọ!"

Ohun tí màmá mi rí ló ń bà á lẹ́rù. Ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, ní òpópónà wa, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ méjì sùn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, ilẹ̀ sì mọ́ wọn kò jí. Màmá mi wà lára àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ wọ ilé náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kì í sọ ohun tó rí fún wa.

Bàbá Ìbejì kò tan jẹnẹrétọ̀ náà nínú gáréèjì. Ìta ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi wáyà gígùn fa iná wọlé, gbogbo wọn sì wà láàyè títí di òní. Nígbà tí ìpè náà parí, ìyá àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dáhùn. Ó ní, "Ṣé òjò yẹn náà ló wá fẹ́ pa wọ́n?"

Mo ti wà ní kíláàsì àgbà báyìí, ẹ̀kọ́ ìtàn sì wà lára àwọn iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ìbéèrè ìyá àgbà ni mo gbé lọ sínú ìwé. Ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan. Ní ilẹ̀ wa, yìnyín ni a mọ̀, èyí tó ń bá òjò rọ̀, tó ń ró gbà-gbà-gbà lórí páànù, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀. Ó máa ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, kì í pariwo, ó sì ń ga díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pè é ní òjò dídì. Orúkọ náà ni n ó máa lò.

Houston kì í ṣe ìlú òjò dídì. Ó wà nítòsí òkun, ní gúúsù Amẹ́ríkà, ooru ibẹ̀ sì le débi pé láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ẹni tó bá ti Èkó dé ibẹ̀ lè rò pé òun kò tíì kúrò nílé. Òun ni ìlú kẹrin tí èrò pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Ó wà lára àwọn ìlú tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, Yorùbá sì pọ̀ láàárín wọn. Nítorí ooru ni wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀. Páìpù omi ọ̀pọ̀ ilé gba òkè àjà tàbí ara ògiri ìta kọjá, níbi tí òtútù ti lè tètè kàn án. Bí ọyẹ́ wọn bá dé, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú un móoru.

Síbẹ̀, òjò dídì ti bọ́ ní Houston rí, ó sì bọ́ gan-an. Ní ọjọ́ 14 àti 15 oṣù Kejì ọdún 1895, ínǹṣì 20 ni òjò dídì tó bọ́ sí ìlú náà. Ìyẹn ga tó orúnkún àgbàlagbà. Òjò kan náà bọ́ ní Galveston tó wà létí òkun, níbi tó ti ga tó ínǹṣì 15, ó sì dé New Orleans, níbi tó ti ga tó ínǹṣì mẹ́jọ. Láti ìgbà náà títí di òní, kò tíì sí èyí tó tó o ní Houston mọ́.

Òjò dídì ti ọdún 2021 ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Houston, kò ju ínǹṣì kan tàbí méjì lọ. Ọmọdé lè fi ìgbálẹ̀ gbá a kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí ẹ̀ka ètò ìlera ìpínlẹ̀ Texas ṣe parí ní òpin ọdún náà fi hàn pé ènìyàn 246 ló kú káàkiri ìpínlẹ̀ náà nítorí ìjì òtútù ọ̀hún.

Níbí ni mo ti dúró ronú. Bí ó bá jẹ́ pé òjò dídì ní agbára láti pa ìlú, ọdún 1895 ló yẹ kí Houston ti kú. Kí ló wá dé tí ínǹṣì kan ṣe ohun tó burú tó báyìí?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ti òjò kọ́, ti òtútù ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù Houston sún mọ́ ìwọ̀n 11 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí Celsius. Omi ń di yìnyín ní òdo, nítorí náà ẹ lè fojú inú wo bí ìyẹn ṣe tutù tó. Àmọ́ ìdáhùn yìí kò tíì parí ọ̀rọ̀, torí pé nínú oṣù Kejìlá ọdún 1989, òtútù tó le ju ìyẹn lọ mú ìlú náà, ó sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 14 sí ìsàlẹ̀ òdo. Houston ti rí òjò tó pọ̀ ju ti 2021 lọ, ó sì ti rí òtútù tó le jù ú lọ.

Ohun tó yí padà ni ìlú náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1900, àwọn tó ń gbé Houston jẹ́ 44,633 péré. Igi àti èédú ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń dáná tí wọ́n sì fi ń yáná. Ojú pọ́n wọn nínú òjò dídì ti 1895, n kò sọ pé kò pọ́n wọn, ṣùgbọ́n ohun tí onílé kọ̀ọ̀kan fi ń mú ara rẹ̀ móoru wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, nínú ààrò rẹ̀. Nígbà tó máa fi di 2021, ooru ilé, omi ẹ̀rọ, ìdáná, ẹ̀rọ inú ilé ìwòsàn àti fóònù ti so mọ́ wáyà iná. Bí wáyà kan bá já, ohun márùn-ún ló já.

Wáyà náà sì ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1935, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé òun ni yóò máa ṣàkóso iná tí wọ́n bá ń tà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá ní Texas kò fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ bá wọn dá sí i. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọn kò ní jẹ́ kí wáyà wọn kọjá ẹnu ààlà Texas. Bí iná kò bá ti jáde, òfin náà kò kàn wọ́n. Ní ọdún 1970, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí ERCOT láti máa bójú tó o. Títí di òní, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí wọ́n ń lò ní Texas ló wà lábẹ́ àjọ yìí, ọ̀nà tí ó fi so mọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn sì kéré gan-an. Ó dà bí ilé tó mọ odi yíká tó sì dí gbogbo ilẹ̀kùn àyàfi fèrèsé kékeré kan. Bí nǹkan bá dára, olúwarẹ̀ yóò máa yangàn pé òun kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí iná bá sọ nínú ilé náà, aládùúgbò kò ní ibi tó máa gbà wọlé gbé omi fún un.

Ní 1999, ìpínlẹ̀ náà tún ṣe òfin mìíràn tó sọ iná di ọjà. Láti ọdún 2002, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Texas lè yan ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ máa ra iná lọ́wọ́ rẹ̀. Iná tí ilé iṣẹ́ amúnáwá bá tà ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Ẹni tó bá náwó láti fi nǹkan bo ẹ̀rọ àti páìpù rẹ̀ nítorí òtútù tó lè má dé fún ọdún mẹ́wàá, àpò ara rẹ̀ ló ti yọ ọ́. Ẹni tí kò sì bo tirẹ̀ yóò máa tà ní owó tó kéré ju tirẹ̀ lọ. Mo rò pé a mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ níbí náà.

Àwọn àgbà wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ohun tó ń dun èèyàn nínú ìtàn Texas ni pé àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni ogun yìí. Òtútù ọdún 1989 ti mú kí àwọn ẹ̀rọ kan kọṣẹ́, wọ́n sì ní láti máa pa iná fún àwọn àdúgbò kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjọ tó ń ṣàkóso iná ní ìpínlẹ̀ náà ṣe ìwádìí, ó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá pèsè ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ de òtútù. Òun kò fi dandan lé e. Ọdún ń gorí ọdún, ooru padà, wọ́n gbàgbé.

Ní oṣù Kejì ọdún 2011, òtútù tún dé. Àwọn ẹ̀rọ tún dì, gáàsì tún dínkù, iná sì tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná ló ṣe ìwádìí, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà. Wọ́n rán àwọn ará Texas létí pé wọ́n ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí lẹ́yìn ọdún 1989. Wọ́n tún un sọ: ẹ bo páìpù, ẹ bo ẹ̀rọ, ẹ ṣètò bí gáàsì kò ṣe ní dá dúró. Ìmọ̀ràn náà ni wọ́n tún gbà, dandan kò tún sí níbẹ̀.

Ìlú kan wà tó gbọ́. El Paso wà ní ìkángun ìwọ̀-oòrùn Texas. Òtútù ọdún 2011 fìyà jẹ wọ́n gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé iṣẹ́ iná wọn náwó, wọ́n bo ẹ̀rọ wọn, wọ́n kọ́ ibùdó amúnáwá tuntun tó lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù líle, tó sì lè lo epo bí gáàsì kò bá sí. Ní 2021, nǹkan bí oníbàárà 3,000 ni iná lọ fún ní El Paso, fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí n má baà yí ìtàn po, El Paso kò sí lábẹ́ ERCOT. Wáyà tirẹ̀ so mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ìyẹn náà ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tó so mọ́ aládùúgbò tó sì tún bo ẹ̀rọ rẹ̀ ti ṣe ohun méjèèjì tí àwọn yòókù kò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí òru tí àǹtí mi ń sọ. Gómìnà Greg Abbott ti kéde ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì pé ewu ń bọ̀ fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 254 tó wà ní Texas. Ní òru ọjọ́ Àìkú mọ́jú ọjọ́ Mọ́ńdè, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ẹ̀rọ amúnáwá lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Iná tí wọ́n ń pèsè ń dínkù, iná tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ ń pọ̀ sí i.

Kí a tó lè mọ bí èyí ti léwu tó, ẹ ronú nípa obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọmọ odó ẹnì kìíní bá ń lọ sókè, ti ẹnì kejì ń bọ̀ wálẹ̀. Bí ọ̀kan bá rẹ̀ tó sì fà sẹ́yìn, ọmọ odó á pàdé ara wọn, ọwọ́ á bó. Bẹ́ẹ̀ ni iná rí. Ní Amẹ́ríkà, ó ní láti máa lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àwọn tó ń lò ó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ ń pèsè lọ, ìlù náà á falẹ̀, bó bá sì falẹ̀ jù, àwọn ẹ̀rọ tó kù á pa ara wọn kí wọ́n má baà bàjẹ́. Ní nǹkan bí agogo kan kọjá ìṣẹ́jú 25 òru ọjọ́ 15, ERCOT pàṣẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná fún àwọn ènìyàn. Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 25 òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa. Orí ìlà ní pápá ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ìlù iná Texas wà lábẹ́ 59.4 fún ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 23. Bó bá pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ì bá já kúrò, gbogbo ìpínlẹ̀ náà ni ì bá sì wọ òkùnkùn, bóyá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 37 ló kù.

Nítorí náà, iná tí wọ́n pa fún àwọn ènìyàn ló gba ìyókù là. Ètò tí wọ́n ní ni pé kí wọ́n máa pín in, kí àdúgbò yìí ní iná fún ìgbà díẹ̀, kí ó tún kan tọ̀hún. A mọ irú ìpín bẹ́ẹ̀ dáadáa ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ohun tó sọnù pọ̀ débi pé kò sí èyí tí wọn yóò pín mọ́. Àdúgbò tó ní ilé ìwòsàn lórí wáyà rẹ̀ ń rí iná, àdúgbò tí kò ní sì wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ilé gogoro àárín ìlú Houston ń tàn yòò láìsí ènìyàn nínú wọn, àwọn ọmọ sì ń gbọ̀n ní ilé wọn. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ènìyàn tí kò ní iná, ti àwọn mìíràn sì tó ọjọ́ mẹ́rin.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tó yà mí lẹ́nu jù. Gáàsì ni Texas fi ń pèsè iná jù lọ. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì náà jáde nínú ilẹ̀ tó sì ń tì í gba inú páìpù, iná ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Àwọn kan nínú àwọn tó ni wọ́n kò tíì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe pa iná àwọn. Wọ́n pa iná wọn. Gáàsì ń dúró de iná, iná ń dúró de gáàsì.

Àwọn olóṣèlú kan sọ pé ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná ló dì tó fa gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan dì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwádìí ìjọba àpapọ̀ jáde nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ẹ̀rọ oní-gáàsì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kùnà. Tíṣà wa máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àjálù sábà máa ń ní ohun kan tó fẹ́ dáàbò bò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró de ìwádìí.

Kí ló wá pa àwọn ènìyàn 246 náà? Ìṣirò ìpínlẹ̀ náà sọ ọ́. Òtútù pa 161, ọ̀pọ̀ nínú ilé ara wọn. Àwọn 25 ní àìsàn tẹ́lẹ̀ tí ìjì náà mú kó le sí i. Jàǹbá ọkọ̀ pa 22. Iná tó jó ilé pa mẹ́wàá, ìṣubú sì pa mẹ́sàn-án. Àwọn 19 tó kù ni èéfín pa: wọ́n tan mọ́tò sínú gáréèjì, tàbí wọ́n dáná èédú nínú ilé, tàbí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí ju bó ṣe yẹ lọ. Gáàsì tó wà nínú èéfín yìí kò ní òórùn, ojú kò rí i, ó sì lè gbé oorun wá. Nígbà tí mo ka nọ́ńbà 19 yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ìdílé àǹtí mi jẹ́ ẹni mẹ́rin. Nínú ìwé yẹn, wọn ì bá ti di 23.

Omi náà ṣòro. Páìpù bẹ́ ní òkè àjà, omi ń dà lé àga àti ibùsùn. Láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 21, wọ́n ní kí àwọn ará Houston máa se omi kí wọ́n tó mu ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kò ní iná tí wọ́n máa fi sè é. Àmọ́ oore wà níbẹ̀. Jim McIngvale, oníṣòwò àga àti ibùsùn tí gbogbo Houston mọ̀, ṣí ilé ìtajà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí òtútù bá ń mú, àwọn ènìyàn sì sùn lórí àga tó wà fún títà. Àǹtí mi ní aládùúgbò tó yá wọn ní jẹnẹrétọ̀ kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì tíì sọ̀rọ̀ papọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ ṣáájú ọjọ́ náà.

Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2021, Texas ṣe òfin tó sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá láti pèsè ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ de òtútù. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó wà láàárín ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ àti dandan yìí.

Ibí ni mo rò pé n ó ti parí àròkọ yìí, kí n sì bá Texas wí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Ní ìdájí tí màmá mi pariwo mọ́ Bàbá Ìbejì yẹn, jẹnẹrétọ̀ tiwa wà ní ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé yàrá tí èmi àti àbúrò mi ń sùn sí. Ìyá àgbà ló tọ́ka sí i nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ojú ti màmá mi. Bàbá mi gbé e lọ sí ìdí igi máńgòrò lọ́jọ́ náà gan-an, ó jìnnà sí ilé dáadáa. Nígbà tó yá, olè gbé ti ilé kejì lọ. Òjò náà sì ń pa tiwa. Nítorí náà, a ń gbé e wọlé ní alẹ́, a ń gbé e jáde láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, ó rẹ̀ wá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ọdún yìí, mo jókòó sídìí tábìlì, mò ń kọ nípa bí Texas ṣe gbàgbé ìkìlọ̀ ọdún 1989, mo sì gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ wa lẹ́yìn ògiri. Mo dìde, mo lọ wò ó. Abẹ́ fèrèsé yàrá wa ló wà, ibi tó wà ní 2021 gẹ́lẹ́. N kò tilẹ̀ rántí ọjọ́ tó padà síbẹ̀.

Mo pa á. Bàbá mi pariwo láti yàrá pé ta ló pa iná. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá wo nǹkan kan." Mo ka ibi tí mo kọ nípa àwọn 19 yẹn fún wọn lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n pe wẹ́dà, ó ṣe àgò irin tó ní páànù lórí sí ìdí igi máńgòrò, pẹ̀lú àgádágodo ńlá. Owó náà dun bàbá mi, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá lóye ìdí tí àwọn ilé iṣẹ́ Texas kò fi fẹ́ náwó lórí ohun tó lè má ṣẹlẹ̀. Ó rọrùn láti bá ìlú wí, ó le láti pe wẹ́dà.

Mo ti lè dá ìyá àgbà lóhùn báyìí. Mo ní, "Màmá, òjò dídì kọ́ ló pa wọ́n. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ tí wọn kò ṣe ni." Wọ́n mi orí, wọ́n wo ìdí igi máńgòrò, wọ́n ní kí n rí i dájú pé mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àgò náà wà.